Ìbàdí ń dun àgbà òmùwẹ̀, kí ni ẹjọ́ omi níbẹ̀?

Lásìkò Kérésì, tí àwọn ọmọ Okun máa ń ti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá wọlé sí Ekinrin-Adde, irú àwọn bàbá yìí ò wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ojú wọn ṣì ń dán, odò ò sì ṣàjèjì sí wọn láti kékeré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú gírígírí.

"Ọ̀kún o, Bàbá. Ṣé kò sí?"

"Ọ̀kún o, ọmọ mi. Ìbàdí yìí náà ni."

Ibẹ̀ lejò á ti lọ́wọ́ nínú. Ẹnì kan á ní kí Bàbá jáwọ́ nínú lílúwẹ̀ẹ́, pé òtútù omi ló wọ eegun. Ẹnì kejì á ní làkúrègbé ni, àgbo ló kù. Ẹnì kẹta, àwọn tó máa ń fẹ́ kọ́rọ̀ gùn, á ní kí Bàbá wo àwọn ará ilé ẹ̀ dáadáa.

Omi ò jẹ̀bi o. Bí omi bá mu èèyàn dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara ẹ̀ lomi ti bá a gbé. Tó bá mu ún dé ọrùn, ohun tó kù fún eegun láti gbé ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ohun tó gbé Roosevelt, tó padà wá jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ sí Warm Springs ní Georgia nìyẹn lọ́dún 1924, lẹ́yìn tí àìsàn ti gba ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1921. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò wò ó sàn, àmọ́ ó ń rí ara mì nínú ẹ̀. Ẹni tó wà ní Ekinrin-Adde ò tiẹ̀ ní láti wọ bàálù, torí Ìkógòsì ń bẹ nílẹ̀ Èkìtì níbí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé.

Bí Bàbá ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tó ń ta ẹsẹ̀ bíi ọ̀pọ̀lọ́, oríkèé ìbàdí ni wọ́n ń yí síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oríkèé tó ti gbó ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé orí sókè nínú omi nítorí kí wọ́n lè máa wo iwájú, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ń tẹ̀ kọdọrọ. Kí wọ́n dojú kọ ìsàlẹ̀ omi, kí gbogbo ara máa yí pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ mí. Ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń lé lórí omi ló sàn jù fún ọ̀pọ̀ wọn, bí ìyẹn náà ò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n kàn máa rìn nínú omi. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò láti Èkó, ẹ jọ̀ọ́, kó má bọ́ sómi lọ́jọ́ tó dé. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dán ìbàdí wò.

Ṣùgbọ́n ṣé ìbàdí ni lóòótọ́? Bó bá jẹ́ oríkèé ìbàdí, iwájú níbi tí itan ti so mọ́ ara ló sábà máa ń dùn, wíwọ ṣòkòtò àti gígé èékánná ẹsẹ̀ á di wàhálà. Nígbà míì, orúnkún lèèyàn á máa fi òróró pa, orúnkún tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀! Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ó máa ń ta gba ìdí lọ sẹ́yìn itan, nígbà míì títí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ìbàdí ọ̀tún ń dùn, ọwọ́ òsì ni kó fi mú ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Kó sì fi àpótí kúkúrú ìdí ààrò sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le gan-an ni òògùn. Prednisolone àti dexamethasone tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì láìrí dókítà, ó máa ń mú kí ara yá lọ́wọ́ kan. Àmọ́ bí wọ́n bá ń lò ó pẹ́, ó lè pa orí eegun itan tó wà nínú oríkèé, tí á fi rún. Ìdí kan nìyẹn tí ẹni tó kàn ń tiro tẹ́lẹ̀ fi lè dẹni tó ń wá owó tí wọ́n á fi pààrọ̀ oríkèé, owó ẹ̀ ò sì kéré. Àwọn tó jẹ́ SS lè ní irú ìṣòro eegun yìí láìtiẹ̀ lo òògùn kankan, tí wọn ò sì tíì dàgbà. Àwọn òògùn ìrora yòókù náà lè dá egbò sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹ̀yìn bá ń dun bàbá àgbàlagbà lóru tí ò jẹ́ kó sùn, tó sì ń rù, kí wọ́n yẹ prósítéètì ẹ̀ wò, nítorí jẹjẹrẹ ibẹ̀ máa ń ràn dé eegun ẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé ń kú tipiri, tí abẹ́ ń kú, tí ìtọ̀ ò wá mọ́ tàbí tó ń dà lára láìmọ̀, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kejì, Lọ́kọ́ja ni kí wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Ìkógòsì ò sí nínú ọ̀rọ̀.