Ajá Tó Ṣọ́ Ilé Dé Ọjọ́ Àìsàn

  A mọ̀ pé bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lójú ewé yìí, àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ò tíì pé, ẹ̀ ń sọ ti ajá. Ẹ rín in tán, kí ẹ wá gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìta ọgbà ló ń sin ajá nítorí olè. Àwọn ajá wọ̀nyí ń dàgbà, wọ́n sì ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ tí dókítà bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ, ọ̀nà méjì péré ni ọ̀pọ̀ mọ̀: kí wọ́n lé e sígbó, tàbí kí wọ́n pe ẹni tó ń ra ajá fún pípa. Àwa ní méjèèjì kò dára.

Kí ọmọ Oǹdó má bínú sí wa. A kò bá ẹni tó ń jẹ lókìílí jà, bẹ́ẹ̀ ni a kò bá àwọn tí a wá bá ní Jos níbí jà, tí wọ́n ń fi ẹran ajá mu bùrùkùtù. Ajá ni Ògún ń jẹ, àwọn baba wa kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló ń sọ ajá lórúkọ. Ta ló ń sọ ewúrẹ́ ní Talómọ̀la? Orúkọ ajá la fi ń bá aládùúgbò wí, tí a ó máa pè é kíkankíkan kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ọdẹ a so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn, a sì mọ gbígbó rẹ̀ láàrin ti ọgọ́rùn-ún ajá. Ẹran tí a rà lọ́jà fún jíjẹ lọ́tọ̀, ajá tó ń dá ẹsẹ̀ wa mọ̀ lọ́tọ̀.

Tiwa gan-an ló ń jẹ́ Talómọ̀la, abo ajá pupa kan tí àwọn tó gbé ilé náà ṣáájú wa fi sílẹ̀ fún wa. Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2022, tó gbà tó oṣù mẹ́jọ, gbogbo wa ló relé; òun nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá onílé ń ju èbà sí. A padà dé, a bá bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ìwé wa bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kókó kan yọ lẹ́bàá ọmú rẹ̀. Ó tó ẹ̀wà, ó tó àgbálùmọ̀, ó bẹ́, eṣinṣin sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a. Dókítà ẹranko ya àwòrán àyà rẹ̀, ó gbé e sójú iná, ó sì fi àwọn àmì roboto hàn wá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ́n àgbàdo sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kò lè rí i mú mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀rètí nù, kì í ṣe gbogbo kókó ni ikú. Ọ̀kan wà tó wọ́pọ̀ lára ajá wa ní Nàìjíríà, tó máa ń yọ lójú ara wọn, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń kó lára ara wọn nígbà tí akọ bá gun abo. Àwọn onímọ̀ ní ara ajá kan ṣoṣo ló ti ṣẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àrùn ara ajá yẹn gan-an ló sì ń ti ara kan bọ́ sí òmíràn títí dòní. Ọ̀rọ̀ náà ya àwa fúnra wa lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ vincristine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ń wo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sàn pátápátá. Ẹni tó ta ajá nítorí kókó láì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ajá tí ì bá yè ló lè tà yẹn. Ti ọmú náà, bí wọ́n bá tètè gé e, ó lè sàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1969 tilẹ̀ fi hàn pé abo tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ó tó wá akọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábàá ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń jiyàn lórí bó ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ wa lè bá dókítà ẹranko kan ṣàdéhùn, kí ó máa wá wo ajá wa lẹ́ẹ̀kan ní sáà ẹ̀kọ́. Owó tí a ń ná lórí ọtí ọjọ́ àpèjẹ nìkan tó o.

Bí kò bá wá ṣeé wò sàn mọ́ ńkọ́? Ìrora ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ. Ajá kì í ké bí ènìyàn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń kọ oúnjẹ, ó ń lọ fara pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fún un ní ibuprofen tí ẹ ń lò sí ẹ̀fọ́rí. Ó ń dá egbò sí ajá nínú, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Oògùn tí dókítà bá kọ ni kí ẹ lò. Àwa pín iṣẹ́ náà láàárín ara wa: ẹnì kan ń fi omi iyọ̀ fọ ojú egbò láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹnì kan ń wọ singlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí i lọ́rùn kí eṣinṣin má bàa yé sí i, ẹnì kan ń po ògì pẹ̀lú ẹja tí a gún. Nítorí òtútù ọyẹ́, a tẹ́ àpò fún un nínú ilé ìdáná.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin tó ń ra ajá kiri àdúgbò wá, ó ní kí a gba owó kí ó tó rù tán. Ọ̀kan nínú wa ní kí a gbà á. A jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ẹni yìí kan náà, nígbà tí dókítà dábàá abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ, ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, Ọlọ́run nìkan ló ń gba ẹ̀mí. Ọ̀bẹ alápatà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, abẹ́rẹ́ ló wá di ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ ìtàn ẹni tó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì dárí jì í. Ẹ̀yin Kìrìsítẹ́nì, ẹ wo orí 12 nínú Ìwé Òwe.

Ìbéèrè tó le ni ìgbà wo. Dókítà Alice Villalobos ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó wúlò fún wa: kí a wo ìrora, oúnjẹ, omi, ìmọ́tótó, inú dídùn, rírìn, àti bóyá ọjọ́ tó dára ju ọjọ́ tí kò dára lọ, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 10. Bí àpapọ̀ bá ju 35 lọ, kí a máa tọ́jú rẹ̀ lọ. A ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Talómọ̀la ń gba máàkì dáadáa, ó tilẹ̀ ń gbó mọ́ àwọn ọlọ́kadà. Nígbà tó di 19, tó di 16, tí kò sì lè dìde tọ̀ mọ́, a ránṣẹ́ pe dókítà sílé.

Abẹ́rẹ́ kan mú un sùn, èkejì wọ iṣan rẹ̀, èémí rẹ̀ sì dúró kí a tó parí orúkọ rẹ̀ ní pípè. Ẹni tó fẹ́ kí a tà á ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Dókítà ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn dáadáa, nítorí oògùn náà kì í kúrò nínú ẹran, ó sì lè pa ajá tàbí igún tó bá jẹ ẹ́. A gbẹ́ ẹ dé àyà lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́jọ́ kejì ni ọkùnrin tó ń ra ajá tún dé, ó ní òun ti fi nǹkan kún owó náà. A fi ibi tí yẹ̀pẹ̀ ṣì tutù hàn án, a sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oògùn náà fún un. Ó dúró wò ó díẹ̀, ó ní ajá náà mọ gbígbó o, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.