Ìbọn Tó Ń Kọ̀, Ọwọ́ Tó Ń Kánjú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nídìí ìjà tọkọtaya àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ni àwọn àgbà ti sábà máa ń pa òwe yìí, wọ́n á sì fi bẹ ẹni tí inú ń bí pé kó rọra. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ẹni tó ń sáré ni òwe náà ń kì nílọ̀, pé kó kàn dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè rọra ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé òwe náà lọ bá irin wò, torí irin kì í gba ẹ̀bẹ̀, kì í sì í tijú ẹnikẹ́ni.

Irin tí mo ní lọ́kàn ni ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà, èyí tí àgbá ọta rẹ̀ máa ń yí. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ti ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan jáde ní 1899, wọ́n pè é ní Military & Police; nígbà tó di 1957, wọ́n sọ ọ́ di Model 10. Ọta .38 ló ń jẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí irú ìbọn yìí fi wà ní ìbàdí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oní-mágásíìnì pààrọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Báyìí ni àlòkù ọlọ́pàá ṣe kún ọjà. Ara irú wọn sábà máa ń bó níbi tí àpò awọ ti ń ha á, ṣùgbọ́n inú lè ṣì le, torí ọlọ́pàá ń gbé e kiri ju bó ṣe ń yìn ín lọ. (Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 kò gba aráàlú láyè láti ní irú rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn tí òfin ilẹ̀ wọn gbà láyè ni mo ń bá wí.)

Ẹnìkan ra àlòkù, ó gbé e dé pápá ìyìnbọn, ó fà á. Òòlù ìbọn lu ìdí ọta, tàà! Kò dún. Ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń wọlé. Ọ̀rẹ́ kan ní ọta náà ni kò dáa, èkejì ní kó lọ ra sípíríǹgì tuntun, ẹ̀kẹta ti ń wá fáìlì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní tíì ṣe nǹkan kan. Á kọjú ìbọn síbi tí kò léwu fún ó kéré tán ààbọ̀ ìṣẹ́jú, torí ọta mìíràn máa ń pẹ́ kó tó gbiná. Lẹ́yìn náà á ṣí àgbá, á kó ọta jáde, á yẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì gbé gbogbo ọta kúrò ní yàrá tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìgbà yìí ló tó mú èyí tó kọ̀ náà, tó yí ìdí rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Òòlù a máa fi ojú kékeré sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ojú náà bá jìn dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ọta lẹ́bi. Bó bá kàn tẹ̀ wọlé díẹ̀, bí ìgbà tí èékánná bá kan amọ̀, a jẹ́ pé òòlù ni kò lágbára tó.

Níbo ni agbára òòlù lọ? Ní iwájú ìdìmú, nísàlẹ̀, síkúrù kékeré kan wà tó ń ti sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó ń ju òòlù síwájú. Bí síkúrù yìí bá wọlé tán, sípíríǹgì á le. Bí wọ́n bá tú u díẹ̀, sípíríǹgì á dẹ̀, fífà ìbọn á sì rọ ìka lọ́rùn. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ìbọn ló fẹ́ irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Ó tú síkúrù náà, tàbí kó tiẹ̀ fi fáìlì gé ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì tà á fún ẹlòmíràn. Oògùn rẹ̀ kò ju síkúdiráfà tó bá ojú síkúrù mu gẹ́lẹ́ lọ: kí a yí i títí yóò fi jókòó. Bí wọ́n bá ti gé e, kí a ra òmíràn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ni ìbọn yẹn kò fagbára mú nǹkan kan o. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, àní ó rọ̀ jù. Síbẹ̀ ó ba ìbọn jẹ́, nítorí ohun tó tẹ́ ìka rẹ̀ lọ́rùn ló wò, kò wo iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe. Bí mo ṣe gbọ́ òwe náà nìyẹn: ó ní ká bi nǹkan léèrè iṣẹ́ rẹ̀ ká tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá wo àgbá tó há. Òmíràn máa ń yí tìpá-tìkúùkù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín púpọ̀. Eérú ẹ̀tù ló sábà máa ń fà á: ó há sábẹ́ irin bí ìràwọ̀ tó ń ti èèpo ọta jáde, ìràwọ̀ náà kò jókòó dáadáa mọ́, ìdí ọta wá ń ha ara ìbọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó fún iyẹn. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni àgbá tó kọ̀ tí kò ṣí rárá. Lára àwọn tó ti pẹ́, bí wọ́n ṣe ń yí síkúrù gbogbo ni wọ́n ń yí ọ̀pá tó gba àárín àgbá kọjá, ìyẹn ni pé apá òsì ni wọ́n ń yí i sí láti tú u. Àgbá sì rèé, apá òsì lòun náà ń yí sí. Bó pẹ́ bó yá, ọ̀pá á tú díẹ̀díẹ̀, á gùn ju ibi tó ń kọ́ sí lọ, ilẹ̀kùn á tì. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ náà yí bí wọ́n ṣe ń dè é padà sí òdìkejì. Ẹni tí kò bèèrè ọjọ́ orí ìbọn, tó kàn mú páláyà, lè rò pé òun ń dè é nígbà tó ń tú u. Ọ̀pá á tẹ̀, àìsàn mìíràn á tún dé: àgbá á máa yí geere níbì kan, á máa há níbòmíràn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a máa ti èèpo ọta òfìfo bọ inú ihò kó tó dè é, kí ẹrù má baà wọ ìràwọ̀ yẹn lọ́rùn. Bó bá sì jẹ́ pé ọta gidi wà nínú àgbá tó há, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn ló kàn, kì í ṣe òòlù.

Òòlù sì ní àyè tirẹ̀. Láti ṣí ikùn ìbọn yìí, ọ̀pọ̀ á ti ọ̀bẹ bọ ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, wọ́n á máa hú u. Àpá rẹ̀ kì í lọ mọ́. Alágbẹ̀dẹ á tú àwọn síkúrù, á dá ìbọn dùbúlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á sì fi igi òòlù gbá egungun ìdìmú kó, kó, kó, títí ìdérí á fi dìde fúnra rẹ̀. Gbígbá ni, ó kàn mọ ibi tí yóò gbá ni.

Èyí tó kù kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Kí òǹrajà tó sanwó, kó yẹ ihò wò pé ó ṣófo, kó fi àtàǹpàkò kan dí àgbá lọ́wọ́ díẹ̀, kó rọra fa òòlù sẹ́yìn. Ó yẹ kí àgbá ti tì pa kí òòlù tó dé òkè, ní ihò kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí òòlù bá ṣáájú, irin kékeré tó ń ti àgbá yí ti jẹ, alágbẹ̀dẹ ló lè fi tuntun síbẹ̀, kó máa fi fáìlì ha á díẹ̀, kó dán an wò, kó tún ha á. Kí òǹrajà wo ojú àwọn síkúrù náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti jẹ, ẹnìkan ti wọ inú ìbọn yẹn ṣáájú rẹ̀. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Òǹtajà tó bá ja ìbọn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, kó fi òun àti ọjà rẹ̀ sílẹ̀.