Ìwọ̀n Ẹran ni Ìwọ̀n Ìbọn

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe náà kò yọ ọdẹ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ ni ó máa ń gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra ìbọn. Ariwo ni wọ́n máa ń rà, kì í ṣe ìbọn. Bí ìbọn bá ti ń dún bí àrá, tí ó sì ń gbá ẹni tí ó yìn ín ṣubú, lójú wọn, òun ni ìbọn akọni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, pàápàá ní Òde-Ayé àti àwọn abúlé oko tí ó yí i ká, ìbọn tí ó yẹ ẹni tí ń wá ẹtu àti àgbọ̀nrín ni ìbọn ẹlẹ́nu kan, tí kátíríìjì kan ṣoṣo ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní í fi ìyà jẹ èjìká ẹni tí ó gbé e.

Ẹran àti ilẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àgbọ̀nrín kì í ṣe ẹran ńlá bí ẹfọ̀n. Àwọn ìwé a máa fi orúkọ rẹ̀ túmọ̀ ẹran oníwo ẹlẹ́ka ti ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ni tirẹ̀: ìwo rẹ̀ kì í yà sí ẹ̀ka, kì í sì í bọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Akọ rẹ̀ tí ó dàgbà lè wọn kílógíráàmù 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ẹtu, kì í sábà ju kílógíráàmù 10 lọ. Òjò a sì máa rọ̀ púpọ̀ ní Òde-Ayé, igbó ibẹ̀ a sì máa dí. Láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú, oko ọ̀pẹ, oko kòkó àti oko rọ́bà, ni àwọn ilẹ̀ tí a ti dá oko sí rí tí a sì fi sílẹ̀ kí ó sinmi wà. Ibẹ̀ ni àwọn ẹran wọ̀nyí ń jẹun. Bí ọdẹ bá rí ẹran níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 30, ó ti rí i lókèèrè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ju 15 tàbí 20 lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ìbọn tí ń ta ọta jìnnà ni ó ṣe aláìní, bí kò ṣe ìbọn tí yóò ta ọta sí ibi tí ó yẹ, èyíinì ni ẹ̀yìn apá iwájú ẹran, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà.

Kí ni ó ń mú kí ìbọn máa gbá ènìyàn? Ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, Isaac Newton, tí ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1687, kọ́ni pé bí ohun kan bá ti òmíràn síwájú, òmíràn náà yóò ti òun náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ̀tù bá gbiná, tí ó ti ọta jáde ní ẹnu ìbọn, dandan ni kí ìdí ìbọn padà lu èjìká. Bí ẹ̀tù bá ti pọ̀ tó, tí ọta sì wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ìlù náà yóò ṣe le tó. Bí ìbọn fúnra rẹ̀ bá sì fúyẹ́ jù, ìlù náà yóò tún le sí i.

Ẹni tí ìbọn ti lù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kì í gbàgbé. Ní ìgbà kẹrin, ara rẹ̀ yóò ti máa retí ìyà kí ó tó dé. Yóò di ojú, èjìká rẹ̀ yóò sún, ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n, ẹnu ìbọn yóò sì yí kúrò lára ẹran kí ọta tó jáde. Kì í ṣe ojo ni ó ń ṣe é. Ẹran ara ni ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ohun tí ó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ burú ju kí ọdẹ tàsé lọ. Ọta a máa ba ẹran ní ìfun tàbí ní itan. Ẹran a gbé e sá wọ inú igbó, a sì kú síbẹ̀ lẹ́yìn ìrora gígùn, níbi tí kòkòrò nìkan yóò ti jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọta tí kò bá ẹran a bá obìnrin tí ń ṣa ẹyìn ní ìdí ọ̀pẹ, tàbí ọmọ tí ń bọ̀ láti odò. Ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi ìbọn tí apá ẹni kò ká dán wò.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá yin irú ìbọn alágbára bẹ́ẹ̀ ní ojú bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ, tí ó sì ń fi ayọ̀ wí pé, “Bàbá, ẹ ò gbọ́ bí ó ti dún!” èsì tí ó tọ́ sí i ni pé, “Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ariwo kì í wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹran náà dà?”

Ìbọn ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ bá ní ọwọ́ àwọn baba wọn. Ìbọn ọlọ́lá ni. Òun ni ó bọ́ ìdílé púpọ̀, òun náà ni ó sì ṣọ́ ìlú púpọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tí wọ́n mọ̀ ọ́n rọ kò ṣeé fojú kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi àlèébù rẹ̀ pamọ́. Láti ẹnu ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, ojú lásán ni a sì fi ń wọ̀n wọ́n. Lónìí ẹ̀tù kéré, lọ́la ó pọ̀ jù; lónìí ìbọn rọra tì, lọ́la ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ èjìká. Bí ọ̀pá irin rẹ̀ kò bá lágbára tó, ó lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lójú. Ní ilẹ̀ tí òjò pọ̀ bí ti Ìkálẹ̀, ẹ̀tù a máa rin. Ọdẹ yóò fà á, ìbọn yóò kọ̀, tàbí kí ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún. Ẹran kì í dúró de irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó dára jù ú ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tí a ń ṣí láti ẹ̀yìn, tí a ń ki kátíríìjì sí. Ilé iṣẹ́ ti wọn ẹ̀tù àti ọta inú kátíríìjì tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí ó ti gbá lánàá ni yóò gbá lónìí. Oríṣiríṣi ni ó wà. Èyí tí a mọ̀ jù ni èyí tí a ń pè ní méjìlá, nítorí pé ọta òjé róbótó 12 tí ó bá ihò rẹ̀ mu ni ó wọn pọ́n-ùn kan. Bákan náà, ọta 20 ni ó wọn pọ́n-ùn kan fún èyí tí a ń pè ní ogún, ihò tirẹ̀ sì kéré sí ti méjìlá. Kátíríìjì méjìlá sábà máa ń gbé òjé gíráàmù 28 sí 36. Ti ogún máa ń gbé 24 sí 28. Èyí tí ó kéré jù, tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.410 ínṣì, máa ń gbé 11 sí 19.

Èwo ni kí ọdẹ mú? Fún ẹtu nìkan, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 15 tàbí 20, èyí tí ó kéré jù náà lè ṣiṣẹ́ ní ọwọ́ ẹni tí ó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé e lọ bá àgbọ̀nrín, nítorí ọta inú rẹ̀ kò tó láti pa á kíákíá, ìwà ìkà sì ni kí a máa ṣá ẹran lọ́gbẹ́ lásán. Ogún ni ó wà ní àárín. Ó tó fún àgbọ̀nrín tí ó wà nítòsí, bí a bá fi ọta tí ó tóbi díẹ̀ sí i, kò sì gbá èjìká bíi méjìlá. Ẹni tí méjìlá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní láti sọ ọ́ nù. Kátíríìjì tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ni kí ó máa rà. Kí ó sì rí i pé gígùn ìdí ìbọn bá apá rẹ̀ mu. Rọ́bà, tí kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè náà, ni a fi ń bo ìdí ìbọn kí ìlù rẹ̀ má baà le.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò yan ráífù, ìbọn tí ìlà tí ó lọ́ wà nínú ọ̀pá rẹ̀, tí ń mú ọta kan ṣoṣo yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Ìbọn yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ra irú ráífù tí a ń pè ní Snider ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ọ̀nà Oǹdó, tí ó ti orí ọ̀sà Èkó gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá, ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ẹyọ kátíríìjì kan ni Snider ń gbà lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ó dẹ́rù ba àwọn tí ṣakabùlà wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn ogun ni, ènìyàn ni wọ́n fi ń lé.

Ráífù kékeré dára níbi tí ilẹ̀ ti gba á. Òfin àgbọ̀nrín ti ọdún 1991 ní England àti Wales sọ pé ráífù tí ihò rẹ̀ kò bá tó 0.240 ínṣì kò gbọdọ̀ pa àgbọ̀nrín. Ní ọdún 2007, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì gba 0.220 láàyè fún àwọn irú méjì tí ó kéré jù nínú àgbọ̀nrín wọn. Àwọn náà ti rí i pé ìwọ̀n ẹran ni ìwọ̀n ìbọn. Ṣùgbọ́n ọta ráífù tí ó kéré jù pàápàá lè rìn ju kílómítà 1 lọ bí ohunkóhun kò bá dá a dúró. Ní Òde-Ayé, oko fara kan oko, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì pọ̀ nínú igbó. Àfi bí ọdẹ bá wà lórí igi, tí ó ń ta ọta sí ilẹ̀, ráífù kò yẹ irú ibẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ ti kátíríìjì kì í lọ jìnnà bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹyọ kan kò tó, pé bí ẹran bá sá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbá dànù pátápátá, nítorí ọta kejì a máa wúlò fún ẹran tí ó fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọta mẹ́rin wà nídìí èyí tí òun fẹ́ ta kì í fara balẹ̀ wo èyí àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan yóò dúró, yóò wò ó bóyá ojú tí iná òun mú nínú òkùnkùn jẹ́ ojú ẹran ní tòótọ́, yóò wò ó bóyá abo tí ó lóyún ni, yóò sì jẹ́ kí ó sún mọ́ tòsí. Sùúrù yìí gan-an ni iṣẹ́ ọdẹ. Òfin Nàìjíríà pẹ̀lú kò ka ìbọn oníkátíríìjì tí ń ki ọta fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn èyí tí ará ìlú lè gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún.

Òfin ìbọn náà, tí a ṣe ní ọdún 1959, ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Kò gbà kí a fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ènìyàn ni òfin náà ń yẹ̀ wò níhìn-ín, kí ó tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbọn kì í ṣe aṣọ oge, tí a ń gbé jáde kí àwọn ẹgbẹ́ ẹni lè wò ó.

Wọ́n a máa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà igbó tó ìyà. Kò sí ìdí tí ọdẹ yóò fi tún ra ìyà mìíràn lé èjìká ara rẹ̀. Ìbọn tí apá ká, ọta kan tí a fi sùúrù ta, ẹran tí ó kú lójú ẹsẹ̀, àti ọdẹ tí ó padà sílé láìṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá: wọ̀nyí ni àmì akọni, kì í ṣe ariwo.