Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ẹ Ṣílẹ̀kùn Ọ́fíìsì Lọ́yà Àdúgbò Wa

Ẹni tó bá wọ dáńfó láti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò yóò rí i pé pátákó lọ́yà pọ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́yà méjì tàbí mẹ́ta, akọ̀wé kan, ó parí. Ibẹ̀ ni ìyá ọlọ́jà àti bàbá onílé ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ òfin yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọ́fíìsì ńlá Ìkòyí kò lè gba gbogbo wa.

Bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn síbẹ̀ ló ń dùn wá. Ọ̀kan nínú wa wá ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, “Ta ló ní kí o wá?” Èkejì ni, “Ṣé o ò ní lọ sílé ọkọ kí o tó mọ iṣẹ́?” Wọ́n ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó, kódà owó ọkọ̀ pàápàá kò sí. Ọmọ olówó lè fara da ìyẹn. Ìyá tirẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní ọjà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó jókòó sílé.

Ilẹ̀kùn yìí ti há tipẹ́. Ní 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, di lọ́yà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ Nàìjíríà. Ó di 1933 kí Stella Thomas, tí wọ́n bí ní Èkó, tó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di lọ́yà. Ọdún 54 ló wà láàárín wọn. Ní December 2017, wọn ò jẹ́ kí Amasa Firdaus, tó jáde ní Yunifásítì Ìlọrin, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà, nítorí híjáàbù tó wọ̀ sábẹ́ wíìgì. July 2018 ni wọ́n tó gbà á.

Òfin kò dákẹ́ o. Abala 42 nínú Ìwé Òfin 1999 lòdì sí ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, tàbí pé ènìyàn jẹ́ akọ tàbí abo. Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ ní January 2019. Síbẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lọ́yà wà, àtẹ̀gùn tóóró ló sì gbé wọn débẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ yóò ṣe gòkè, ì báà jẹ́ oníbàárà, ì báà jẹ́ lọ́yà?

A mọ ohun tí àwọn ọ̀gá wa yóò sọ: “Ẹ ò rí owó ilé àti epo jẹnẹrétọ̀ ni?” A rí i. A tún mọ̀ pé níbi tí ènìyàn mẹ́ta péré ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀ ló ń fọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Bí àyè bá ṣí, ẹ lẹ ìwé rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn rí i. LASU tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin kò jìnnà sí Ìgàndò. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo ẹni tó bá wá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ àti ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Dípò kí ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gba ẹyọ kan, kí ẹ fún un lówó ọkọ̀. Bí ẹ ò bá lè kó kúrò lókè, ẹ wá tábìlì kan sísàlẹ̀ fún ẹni tí kò lè gòkè.

Ẹ̀yin náà ni yóò jèrè. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, iye tó pọ̀ jù ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Yorùbá, Ígbò, Hausa àti Ẹ̀gùn ló ń gbé ibẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń lù lè fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ han obìnrin bíi tirẹ̀. Oníṣòwò Ígbò ní Ìkòtún lè fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Bí gbogbo wa bá jọ ara wa nínú ọ́fíìsì, ta ni yóò gbọ́ tiwọn?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ní pátákó tiyín, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin náà ń kanlẹ̀kùn. Àwa tó kù, kí a fi èyí sọ́kàn de ọjọ́ tí yóò kàn wá.