Ìjì Ká Òrùlé Ilé Ìwé Lọ: Ta Ló Máa Pe Káfíńtà?

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, fọ́tò kan náà la máa ń rí lórí fóònù: ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, páànù ti fò sínú igbó, omi kún kíláàsì, HM káwọ́ lẹ́rán. A ó bú ìjọba, a ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó parí. Èmi ń bèèrè o: tílẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ta ló láṣẹ láti pe káfíńtà?

Kì í ṣe HM. Lẹ́tà ló lè kọ. Lẹ́tà á lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ SUBEB, wọ́n á tún rán ẹnì kan wá ya fọ́tò míì. Owó ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwé wà lọ́dọ̀ UBEC l'Abuja, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀, kó sì ti to iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sínú ìwé ṣáájú. Ìjì kì í sí nínú ìwé yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin ló dè wọ́n lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí gbígbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ti ọdún 2007, gba pàjáwìrì láyè ní abala 43: bí ilé ìjọba bá fẹ́ bàjẹ́ sí i, wọ́n lè gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan tààrà, kí wọ́n wá jábọ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó ń ṣe wá ni pé kò sí owó kékeré nítòsí. Páànù, pákó, ìṣó, owó káfíńtà: àwọn òbí ló máa ń dá a níkẹyìn, nílé ìwé tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni!

Ṣùgbọ́n kíákíá nìkan ò tó. Ní March 13, 2019, ilé tí ilé ìwé kan wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, l'Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọdé sì kú. Ti ìjì kọ́ nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ìjì tó fa òrùlé tu ti mi orí ògiri náà. Káfíńtà ò lè mọ̀yẹn. Kí ẹnjiníà wo ògiri ná, kí HM ti kíláàsì pa títí dìgbà yẹn, bí àwọn ọmọ tiẹ̀ máa pín àárọ̀ àti ọ̀sán.

Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ya owó pàjáwìrì sọ́tọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà ẹnjiníà kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì HM, kí wọ́n sì lẹ iye tí wọ́n ná mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, níbi tí àwọn òbí á ti rí i.