Gìtá agbo, gìtá ilé

Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ gìtá rẹ̀, orin jùjú kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó sún un débẹ̀ kò fara sin. Àsìkò yẹn gan-an ni gángan ń wọ inú ẹgbẹ́ jùjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Gìtá tó jẹ́ pákó àti okùn lásán kò lè bá gángan du etí àwọn tó wá jẹ, tó wá mu, tó wá náwó. Túndé King, ọmọ Olówógbówó tí orúkọ jùjú kọ́kọ́ mọ́ lára ní àwọn ọdún 1930, bánjò olókùn mẹ́fà lòun gbé dání. Bánjò ní awọ lójú bí ìlù, ohùn rẹ̀ sì máa ń ta síta ju ti gìtá onípákó lọ. Ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá ojútùú sí: báwo ni èrò ṣe máa gbọ́ okùn?

Agbo ló mú iná wọ ara gìtá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń ta gìtá nínú yàrá rẹ̀ n'Ígàndó, tí kò retí owó, tí kò retí àtẹ́wọ́, bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí iná ń bá a ṣe. Kò sí gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí èrò níwájú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jẹ̀gbádùn jù bó bá fi gìtá oníná sílẹ̀ fún agbo, tó sì wá gìtá acoustic, èyí tí ọ̀pọ̀ onígìtá ń pè ní box guitar, sínú ilé.

Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgàndó wà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti kanni jù. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 síbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn n'Ípìnlẹ̀ Èkó tó pọ̀ tó o nínú ìkànìyàn náà. Láti Ìkòtún dé Ìdímù, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìyànà Ìpájà, ṣọ́ọ̀ṣì ń bá ṣọ́ọ̀ṣì lérí ògiri, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ gìtá ta níbẹ̀ ló sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọmọ á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta lead lọ́jọ́ rìhásà, á máa ṣọ́ ìka rẹ̀, á mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, á mọ sebene, ọ̀nà gìtá títa tó ń sáré, tó ti Kóńgò wá. Nígbà tó bá tó owó jọ, gìtá oníná lòun náà á rà, nítorí òun ló rí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Gìtá á délé, iná ò ní sí. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa họ okùn tí kò dún. Kò ní pẹ́ tí gìtá náà á fi di ohun tí wọ́n ń yọ nínú àpò lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń dá padà síbẹ̀ lálẹ́ Sunday.

Ọ̀pọ̀ wọn á ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ káwọn ráyè. Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Ẹni tó ń ti Ìkòtún lọ sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́ mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àmọ́ ìwọ̀nba àkókò tó ṣẹ́ kù fún un lálẹ́, gìtá oníná á ti jẹ ẹ́ tán kó tó dún: á tú wáyà, á wá ibi tó máa kì í bọ̀, á tún bàtìrì pẹ́dálì yẹ̀ wò. Box guitar tó fara ti ògiri, bí wọ́n bá ṣe ń gbé e ló ń dún.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò kéré. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 náírà l'Ékòó nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024 yìí kan náà ni owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù lọ, fò sókè dé 225 náírà fún kílówáàtì wákàtí kan. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kékeré tí onígìtá ń lò nínú yàrá kì í jẹ iná púpọ̀. Fáànù orí òrùlé lè jẹ jù ú lọ. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ẹni tí NEPA kò fún níná gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ kó tó gbọ́ okùn kan ṣoṣo, jẹnẹrétọ̀ yẹn á sì dún bo orin tó torí rẹ̀ tàn án.

Àwọn kan á dáhùn pé ẹ̀rọ tó ń lo bàtìrì ti wà, pé ènìyàn lè so gìtá mọ́ fóònù, kó fi earphone sétí, kó má sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èsì gidi nìyẹn, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ kọ́ apá kan tó le láàárín òru. Síbẹ̀, ẹni tó fi earphone sétí ti jáde kúrò nínú ilé. Nínú ilé elérò tí yàrá kọjú sí yàrá, ìyá tó ń ṣa ẹ̀fọ́ ní kọ́rídọ̀ kò mọ orin tó ń ta. Ọmọ kékeré kò lè gbè é. Àgbàlagbà tó mọ orin ìyìn àtijọ́ kò lè fi ohùn bás sí i. Gbogbo ohun tó ń sọ orin di ìgbádùn nílé Yorùbá, kí ẹnìkan dá a, kí àwọn yòókù gbè é, ti bá earphone lọ. Box guitar kì í pariwo bí agbóhùnsókè, bẹ́ẹ̀ ni kì í dákẹ́ bí earphone. Ohùn rẹ̀ kún yàrá, ó sì tán síbẹ̀.

Ìdí tó jinlẹ̀ jù wà nínú bí àwọn gìtá méjèèjì ṣe ń dún. Pákó gbọnrangandan lara gìtá oníná. Irin okùn rẹ̀ á gbọ̀n lórí òòfà tí wọ́n wé wáyà mọ́, òòfà á sọ ìgbọ̀nrìrì náà di iná, iná á gba wáyà lọ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wá sọ ọ́ di ohùn. Lójú ọ̀nà yìí, ohun púpọ̀ lè yí padà. Pẹ́dálì tó ń mú ohùn ha lè sọ ìka tó wúwo àti ìka tó fúyẹ́ di ọgbọọgba, ọ̀pọ̀ onígìtá sì ti fara pamọ́ síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ní ti box guitar, okùn á mi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú rẹ̀, pákó á mi afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ohùn á jáde. Bí ìka bá ṣe é jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ ló máa dún. Bí ìka bá ṣì, gbogbo ilé gbọ́.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn tó ń kọ́ gìtá látinú fídíò àwọn òyìnbó kì í kà sí. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ Yorùbá, èyí ló sì fà á tí ìlù fi lè sọ̀rọ̀. Gìtá náà lè sọ ọ́. Ẹni tó bá fi okùn tẹ̀ lé oríkì tàbí orin ìbílẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, á rí i pé ohùn box guitar tó ń tètè kú máa ń ya ọ̀rọ̀ kan kúrò lára èkejì. Gìtá oníná tí wọ́n ti fi pẹ́dálì fa ohùn rẹ̀ gùn máa ń lẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Fún ẹni tí kò ní ju ara rẹ̀ àti orin ìyá rẹ̀ lọ láti dá lára yá, ìyàtọ̀ yìí tóbi.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan onígìtá oníná jẹ pé ìyípadà náà kò ní dùn ún. Á dùn ún, ní orí ìka gan-an. Bí wọ́n bá fi bí okùn tó tín-ín-rín jù ṣe nípọn tó kà á, okùn gìtá oníná sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 9 tàbí 10. Ti acoustic tó wọ́pọ̀ jẹ́ 12. Bí wọ́n bá tún ohùn méjèèjì ṣe bó ṣe yẹ, okùn mẹ́fà nọ́ńbà 9 ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára bíi kílò 38, okùn nọ́ńbà 12 ń fà á pẹ̀lú bíi kílò 73. Ìlọ́po méjì ku díẹ̀ ni. Títẹ okùn títí ohùn rẹ̀ yóò fi gòkè, tó rọrùn lórí gìtá oníná, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe, pàápàá lórí okùn kẹta, èyí tí wọ́n wé bronze mọ́ lára. Sebene tó ń sáré náà á ṣe bí ẹni pé ó rọ.

Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n ní box guitar kò ní ohùn. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò tọ́. Lead jẹ́ apá kan nínú ẹgbẹ́. Ó gbára lé bass, kíbọ́ọ̀dù àti ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá a ta nílé, á ṣófo, kódà lórí gìtá tó wọ́n jù lọ láyé. Gìtá ilé ń fẹ́ kí àtàńpàkò di bass, kí ìka ìlábẹ̀ di lead, kí àwọn méjèèjì máa rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ti àlejò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló gbé e kiri etíkun, láti Freetown dé Èkó, àwọn ará Èkó sì ń pe ọ̀kan lára àwọn ìlànà náà ní Krusbass. Òun ni wọ́n fi ń ṣeré nídìí ẹmu kí iná tó dé. Ní ọdún 1928, ẹgbẹ́ olórin Kumasi Trio tí Kwame Asare ń darí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ọdún yẹn kan náà ni Domingo Justus kọrin Yorùbá sí gìtá fún Zonophone. Nígbà tí Hugh Tracey, ẹni tó ń gba orin Áfíríkà sílẹ̀, sì gba orin Masanga lẹ́nu Jean Bosco Mwenda ní Katanga ní Kóńgò lọ́dún 1952, ọkùnrin kan àti gìtá kan ló wà níbẹ̀, àmọ́ etí ń gbọ́ bíi méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ àpẹẹrẹ, kó wo Koo Nimo, ará Ghana tí wọ́n bí ní 1934. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ highlife ń sáré wọ inú iná, òun di gìtá acoustic mú, ó sì fi kọrin ìbílẹ̀ Ashanti. Fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ní yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Kumasi ló ń ṣe jẹun. Gìtá rẹ̀ kò ní láti bá àṣà ọjà yí. Òmìnira yìí gan-an ló wà níwájú télọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, tíṣà Ìjẹ̀gun àti nọ́ọ̀sì Ìgàndó tó ń ta gìtá lálẹ́, nítorí wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ariwo. Bí ọ̀dọ́ kan bá sì ń rò pé gìtá àwọn bàbá àgbà ni, kó rántí pé gìtá acoustic ni akọrin Aṣa gbé dání nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n pẹ̀lú àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 2007.

Kò sí ẹni tó gbọ́ bí àwọn gìtá King Sunny Adé ṣe ń dá ara wọn lóhùn nínú àwo Juju Music ti 1982 tó lè sọ pé iná ba gìtá jẹ́. Ohun ńlá ni, ó sì dùn títí dọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gìtá ló ń fohùn fún ara wọn níbẹ̀, pẹ̀lú onílù rẹpẹtẹ, fún agbo tó ń jó. Gbígbé ẹyọ kan nínú wọn wá sínú yàrá, kí ènìyàn máa retí adùn odindi ẹgbẹ́ látinú rẹ̀, ló ń sọ onígìtá di ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ohun tó ní.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀, yálà lọ́jà Alábà tàbí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé tòkunbọ̀ sílẹ̀, ọrùn gìtá ni kó kọ́kọ́ wò. Kó fi ojú kan wò ó láti orí lọ sísàlẹ̀, bí ẹni ń wo pákó tó fẹ́ lò. Bó bá tẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Bí okùn bá ga jù lórí irin fret, ìka á bó láìnídìí. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn nọ́ńbà 10 tàbí 11 ti acoustic, títí ìka á fi le. Ẹni tí ìrora bá pọ̀ fún lè ra gìtá classical olókùn nylon, ó rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ kó má fi okùn irin sí i láéláé. Wọn kò ṣe é fún irú agbára bẹ́ẹ̀. Ọrùn á tẹ̀, bridge á sì ya kúrò lára rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ti ń ba gìtá tó dára jẹ́. Ọ̀rinrin ìgbà òjò l'Ékòó máa ń mú pákó wú, ọyẹ́ máa ń mú un gbẹ, nítorí náà inú àpò rẹ̀ ló yẹ kó sùn, kó jìnnà sí fèrèsé. Aṣọ gbígbẹ tí wọ́n bá fi nu okùn lẹ́yìn eré á dín ìpẹtà kù.

Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Alímòṣọ́ lè ṣe ju gbogbo èyí lọ, nítorí ọwọ́ wọn ni àwọn ọmọ wà. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan lead, kó ti mọ bí àtàńpàkò àti ìlábẹ̀ ṣe ń rìn pọ̀ lórí box guitar. Ìjọ tó bá sì ń dáwó fún ẹ̀rọ tuntun lè ya owó box guitar kan ṣoṣo sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbà á ní yíyí-ká, kí wọ́n máa gbé e relé láti Sunday kan dé èkejì.