Adùn Tí Ó Di Bébà

Bí a bá so tọkọtaya pọ̀ tán ní àwọn ìlú ńlá wa, àwọn ọ̀rẹ́ a máa da bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà lé wọn lórí. Kọ̀nfẹ́tì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbá a nílẹ̀ lẹ́yìn àríyá, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà? Lójú tèmi, ó yẹ kí a béèrè, nítorí pé orúkọ oúnjẹ ni.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí a ti pèsè parí ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí ó di ti àwọn ará Ítálì, wọ́n fi ń pe kóró èso tí a fi ṣúgà bò. Títí di òní, bí ẹ bá béèrè kọ̀nfẹ́tì ní ìlú Sulmona, kóró álímọ́ńdì onísúgà ni wọn yóò gbé fún yín. Wọn a da kóró náà sínú agbada tí ń yí, wọn a máa bu omi ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa gbẹ mọ́ ọn lára títí yóò fi le tí yóò sì máa dán. Níbi ìgbéyàwó, márùn-ún ni wọ́n ń dì fún àlejò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ìlera, ọ̀kan fún ọrọ̀, ọ̀kan fún ayọ̀, ọ̀kan fún ọmọ bíbí, ọ̀kan fún ẹ̀mí gígùn.

Báwo ni oúnjẹ ṣe wá di bébà? Ní àkókò àríyá ìgboro tí ó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, àwọn ará Ítálì a máa ju kóró onísúgà lu ara wọn. Ṣúgà wọ́n púpọ̀ láyé ìgbà náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ju ohun róbótó tí a fi ẹfun mọ. Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, rí irú àríyá bẹ́ẹ̀ ní Róòmù ní 1788, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, bébà ti gba ipò ẹfun. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fi orúkọ àtijọ́ náà pe bébà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì fi í sílẹ̀ fún oúnjẹ.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ọ̀rọ̀ kò lè ṣe kí ó má yí padà.” Òtítọ́ ni. Àwọn baba wa pe ṣúgà ní iyọ̀ òyìnbó. Lónìí, díẹ̀ ni ó ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tí ẹni tí ń lò ó kò sì mọ ohun tí ó ti wà nídìí rẹ̀ rí, èèpo ni ó mú, ó ti sọ kóró nù.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún wa nìyí. Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń gbé oyin, iyọ̀, ààdùn, obì, orógbó àti ataare kalẹ̀. Inú orúkọ orógbó ni a ti ń gbọ́ ọ pé kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́. Ààdùn ni kí ayé rẹ̀ dùn. Nítorí náà, bí a bá fi súùtì inú ọ̀rá rọ́pò wọn nítorí pé kò ná wa lówó púpọ̀, ẹnu ọmọ lè dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdúrà inú orúkọ ti bọ́ sọnù. Bí ẹfun ṣe ń gba ipò ṣúgà, tí bébà sì ń gba ipò ẹfun nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, n kò ní kí ẹ má da bébà lé ìyàwó lórí. Ohun tí mo ń wí ni pé, nígbà tí ẹ bá tún lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ súnmọ́ àgbàlagbà kan, kí ẹ béèrè ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú àwo náà dúró fún. Bí ẹ kò bá béèrè lónìí, kí ni ẹ ó sọ fún àwọn ọmọ yín lọ́la?